Abẹ́rẹ́ Ìdí àti Ẹsẹ̀ Ọmọ Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Àdúgbò Àjílòsùn nílùú Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló wà lọ́dọ̀ mi, nítorí Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ibà mú un. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ó bì lẹ́ẹ̀kan, kò sì fẹ́ jẹun. Ilẹ̀ ti ṣú, mo bá pọ̀n ọ́n lọ sí kẹ́míìsì kan nítòsí wa. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ló máa tètè ṣiṣẹ́. Mo da ọmọ dé orí itan mi, ó ń tàpá, ó ń ké, ọkùnrin náà sì gún un ní ìdí lápá ọ̀tún. Igbe tó ké nígbà tí oògùn ń wọlé yàtọ̀ sí igbe ọmọ tó ń sá fún abẹ́rẹ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni kò ti lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rìn dáadáa.

Ibà lọ, ẹsẹ̀ kò bọ̀ sípò. Ó ń rìn o, ṣùgbọ́n iwájú ẹsẹ̀ náà ń wọ́ nílẹ̀, tó bá sì fẹ́ gbé ìṣísẹ̀, á kọ́kọ́ gbé orúnkún sókè gan-an, ẹsẹ̀ á wá balẹ̀ pàá. Sìlípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀, àfi tí mo bá pè é pé, “Bàtà rẹ kan dà?” Lóru, á máa sunkún pé ẹsẹ̀ ń ta òun.

Ará ilé kan ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Òmíràn ní ayé ló ta ọmọ lọ́fà, ká gbé e lọ sórí òkè. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Ìlawẹ̀ ní kí n máa fi omi gbígbóná jó o, kí n fi òrí wọ́ ọ, tó bá di ìparí oṣù kí a gbé e lọ bá ẹni tó ń to eegun. Mo ti ń fi omi gbígbóná jó o láàárọ̀ àti lálẹ́. Lánàá ni mo rí i pé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà ti lé ròrò, omi wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò sì ké rárá nígbà tí mò ń jó o. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù lọ.

Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ti gba àjẹsára ẹnu ní kíkún, wọ́n sì gún un ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ṣé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tún lè mú un ni? Ṣé á tún fi ẹsẹ̀ yìí sáré? Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ìyá Àgbà, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìdààmú. Kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ dá omi gbígbóná yẹn dúró lónìí. Ẹ má ṣe jó ẹsẹ̀ náà mọ́, ẹ má sì fi ohun tó ń ta pa á. Ọmọ tí omi bó lẹ́sẹ̀ tí kò ké, ìròyìn pé ibẹ̀ gbóná ni kò dé ọpọlọ rẹ̀. Ibi tó lé ròrò yẹn, ẹ má tú u. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó wẹ́rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wò ó ní ọsibítù lọ́la. Lọ́la ni mo wí, ẹ má dúró de ìparí oṣù.

Èmi kò fojú kan ọmọ náà, dókítà tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ fúnra yín ti sọ púpọ̀. Igbe tó yàtọ̀ nígbà tí oògùn ń wọlé. Ẹsẹ̀ tó kọṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹyọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gún gan-an. Bàtà tó ń bọ́ tí ọmọ kò mọ̀. Gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí i pé abẹ́rẹ́ náà, tàbí oògùn tó wà nínú rẹ̀, ti ṣe iṣan ńlá tó gba inú ìdí kọjá sí ẹsẹ̀ léṣe. Iṣan sáyátíìkì ni àwọn dókítà ń pè é.

Nínú gbogbo iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ara, kò sí èyí tó tóbi tó o. Lára àgbàlagbà, níbi tó ti nípọn jù, ó fẹ̀ tó ìka ọwọ́. Ẹ̀ka márùn-ún ló ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn jáde tí wọ́n para pọ̀ di òun. Ó gba ihò kan nínú eegun ìbàdí bọ́ sínú ẹran ìdí, ó kọjá láàárín eegun tí a fi ń jókòó àti eegun tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ó wá gba ẹ̀yìn itan sọ̀ kalẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé orúnkún ló pín sí méjì. Ọ̀kan ń bá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, òun ló ń jẹ́ ká lè tiro. Èkejì yí ẹ̀gbẹ́ orúnkún láti ìta bọ́ sí iwájú ojúgun, òun ló ń jẹ́ ká lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Láti inú ìdí lókè lọ́hùn-ún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń bọ̀ nínú awọ kan náà, èyí tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ló sì wà lápá ìta. Òun ló máa ń fara gbá a jù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò fi lè gbé e kúrò nílẹ̀.

Ẹ wò ó fúnra yín kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ gbé e jókòó sórí tábìlì kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa fì. Ẹ ní kó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí imú ara rẹ̀. Ti òsì á dìde. Bí ti ọ̀tún bá kàn rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó dijú, ẹ mú òwú díẹ̀, ẹ fi kan àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka kejì, ní òkè, níbi tí okùn sìlípáàsì máa ń dúró sí. Ẹ bi í pé, “Ǹjẹ́ mo kàn ọ́?” Ibi kékeré yẹn, ẹ̀ka iṣan tí mò ń sọ yìí nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá ń dáhùn tí ẹ bá kan ti òsì, tó dákẹ́ tí ẹ bá kan ti ọ̀tún, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe rí i. Ó máa wúlò fún un gan-an.

Ẹ lè máa rò ó pé báwo ni abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe lè ṣe irú èyí. Ìdí ọmọ ọdún mẹ́rin kéré, ẹran ibẹ̀ kò nípọn, ọmọ tí ibà ti bá fínra fún ọjọ́ mélòó kan sì ti fọn. Ó ń jà, ó ń yí. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wọ òkè pátápátá lápá ìta á yà wọ àárín, níbi tí iṣan náà wà. Oògùn inú abẹ́rẹ́ ló sì máa ń ba nǹkan jẹ́ ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Kuiníìnì, kilorokuìnì, dikilofénákì àti àwọn irú pẹnisílíìnì kan máa ń jó iṣan tí wọ́n bá tú dà sínú rẹ̀. Tó bá bọ́ sínú iṣan gan-an, ìrora á sáré láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, ó lè tó wákàtí díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kọṣẹ́. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Àwọn dókítà àti àwọn oníṣẹ́ fisio, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara, ní Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Ẹnúgù ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa ní Ùgáńdà, Íńdíà àti Pakistan. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi abẹ́rẹ́ ìdí wo ibà ọmọdé, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i.

Nípa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, mo mọ ìdí tí ọkàn àwọn ará ilé fi lọ síbẹ̀. Ojú wọn ti rí ẹsẹ̀ tó rọ lẹ́yìn ibà láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn yẹn kì í mú ìmọ̀lára ọmọ lọ. Ẹsẹ̀ á rọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òwú kàn án, ọmọ á mọ̀. Ó máa ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó rọ tán. Ní 25 Oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdánidá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n dúró dè kẹ́yìn. Àmọ́ oríṣi kan tó ń ti ara kòkòrò inú àjẹsára ẹnu yọ ṣì ń jà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára. Nítorí náà òfin kan ṣì wà: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ohun yòówù kó fà á, a gbọ́dọ̀ fi tó òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán kí wákàtí 24 wà láàárín wọn, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ ló dára jù fún un. Tiyín ti kọjá ìyẹn, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò ní gbowó lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ẹ̀sùn kàn yín.

Ní ti ayé, Màmá, ẹ máa gbàdúrà, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gbà á. Ẹ kàn má gbé ọmọ lọ dúró sórí òkè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àkókò ni gbogbo ìwòsàn iṣan dúró lé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ní 1943, dókítà ará Bírítéènì kan tó ń jẹ́ Herbert Seddon pín ọgbẹ́ iṣan sí oríṣi mẹ́ta, ìpín rẹ̀ yẹn sì ni àwọn dókítà ṣì ń lò dòní. Ẹ fojú inú wo wáyà iná, tó ní rọ́bà níta, tó ní okùn bàbà wẹ́wẹ́ nínú. Nínú oríṣi kìíní, nǹkan tẹ wáyà, iná dákú, ṣùgbọ́n okùn inú rẹ̀ kò já. Ìyẹn máa ń jí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nínú oríṣi kejì, àwọn okùn inú já, àmọ́ rọ́bà ìta ṣì wà, okùn tuntun á sì máa hù díẹ̀díẹ̀ gba inú rọ́bà àtijọ́ lọ. Oríṣi kẹta ni èyí tí tinú tòde já, tàbí tí àpá líle dí ojú ọ̀nà pátápátá. Ìyẹn kò lè jí láìṣe iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra wọn lójú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti kọjá, ẹ̀rọ kan wà tó lè wọn bí iṣan ṣe ń gbé iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Tiyín ti dé àkókò yẹn báyìí. Ẹ béèrè nípa rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, ṣùgbọ́n dókítà tó mọṣẹ́ á tún lè fi ọwọ́, òwú àti àkíyèsí láti oṣù dé oṣù mọ ohun púpọ̀.

Okùn tuntun tó ń hù yẹn kì í kánjú. Nǹkan bíi mìlímítà kan ló ń rìn lóòjọ́, ìyẹn bíi sẹ̀ntímítà mẹ́ta lóṣù. Ẹran tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè wà ní iwájú ojúgun, lábẹ́ orúnkún. Láti ìdí ọmọ ọdún mẹ́rin débẹ̀ lè tó sẹ̀ntímítà 25 sí 30. Ẹ ṣírò rẹ̀: oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni, bí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé. Ọmọdé ṣe oríire ju àgbà lọ nínú èyí, nítorí ẹsẹ̀ wọn kúrú, ìrìn àjò kò pọ̀. Ẹran tí iṣan kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, ó máa ń gbẹ, kì í sì í padà bọ̀ sípò mọ́ bí iṣan tilẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ kánjúkánjú tí mò ń bá yín sọ kò ju èyí lọ. Tó bá tó oṣù mẹ́ta tí àmì kankan kò yọ, kí dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣan, kí ó má sì jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́fà. Irú wọn wà ní ọsibítù ńlá UCH ní Ìbàdàn àti ní ọsibítù eegun ti Ìgbòbì ní Èkó.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í débẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbádùn, àwọn kan pátápátá, àwọn kan kó ku díẹ̀. Ẹ bi mí bóyá á sáré. Mo retí pé á sáré, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹsẹ̀ náà ṣì wà ní ipò tó dára lọ́jọ́ tí iṣan bá dé. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru máa ń gan síbẹ̀. Okùn ńlá tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ á kúrú, ọmọ á di ẹni tó ń fi orí ìka rìn, tí iṣan bá wá jí, ó ti bá ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ pàdé. Mo ti rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dunni ju ọgbẹ́ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, nítorí à bá ti dènà rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ fisio nìyí. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn, wọ́n sì wà nítòsí yín. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà nínú Adó níbẹ̀ yẹn. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ẹ gba Ìwòrókò àti Ìfàkì lọ. Ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà wà nínú Adó. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí fisio lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á fún un ní búréèsì ṣiṣu kan tó gba ẹ̀yìn ojúgun wá sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń mú ẹsẹ̀ dúró kó má rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa na gìgísẹ̀ rẹ̀ nílé: ọmọ á dùbúlẹ̀, orúnkún á tọ́, ẹ ó gbá gìgísẹ̀ mú sínú àtẹ́lẹwọ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi lé iwájú apá yín, ẹ ó wá fi apá tì í lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le, ẹ ó dúró níbẹ̀, ẹ ó ka oókan dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́ ni o. Ẹ lè máa pa àlọ́ fún un bí ẹ ti ń ṣe é. Òrí ẹ̀gbọ́n yín dára fún awọ ẹsẹ̀ gbígbẹ, ẹ máa fi pa á wẹ́rẹ́. Ẹ má fi tẹ ibi tí wọ́n gún.

Ẹ bọ́ sìlípáàsì yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàtà tó bo ọmọ ìka, tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, ni kó máa wọ̀, kí ẹ sì máa ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, nítorí òkúta tó bá wà níbẹ̀, ọmọ kò ní mọ̀. Lálẹ́, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Kí olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́léósinmi náà gbọ́ sí i. Ẹsẹ̀ tó ń ta á lóru ní oògùn tirẹ̀, yàtọ̀ sí parasitamọ́ọ̀lù, dókítà ló sì máa kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora nítorí rẹ̀.

Ẹni tó ń to eegun ní iṣẹ́ rẹ̀, mi ò tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ kọ tó fi hàn pé eegun ọmọ yìí yẹ̀ tàbí pé ó ṣẹ́. Bí wọ́n bá fa ẹsẹ̀ náà, wọ́n ń fa iṣan tó ti fara gbọgbẹ́. Bí wọ́n bá fi igi dè é pinpin, ọmọ tí kò mọ̀ pé omi gbígbóná bó òun kò ní mọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ẹsẹ̀ mọ́.

Ẹ ní ṣé ẹ̀yin ni ẹ ba ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́. Rárá, Màmá. Ọmọ ń gbóná, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ gbà pé ìrànlọ́wọ́ wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò yẹ kí wọ́n gún un rárá. Ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ilé oògùn kéékèèké kò fún wọn láyè láti gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Láti 2005 ni Nàìjíríà sì ti yí ìtọ́jú ibà padà: oògùn oníwóró tó ní átẹ́mísínìn nínú ni a ń fi wo ibà lásán, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí ìka tí wọ́n sì rí i pé ibà ni. Tí ọmọ bá bì í láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á tún un lò fún un. Ibà tó ti le, tí ọmọ ń gìrì, tí kò dá ènìyàn mọ̀, tí kò lè jókòó, tàbí tó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, ti ọsibítù ni. Atẹ́súnéètì sì ni wọ́n ń fún un níbẹ̀, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí níwájú itan. Wọn kì í gún un ní ìdí.

Mo mọ ibi tí ìfẹ́ abẹ́rẹ́ ti wọ inú wa. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń gbógun ti àrùn awọ kan tó ń sọ ara ọmọdé di kókó àti egbò káàkiri Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ẹyọ kan péré ló ń wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ sàn. Àwọn tó rí i lójú kò lè gbàgbé, wọ́n sì sọ ọ́ fún ọmọ. Àwọn ìyá mìíràn ní Adó títí dòní, bí dókítà bá kọ oògùn oníwóró fún wọn, wọ́n á ní kò tọ́jú àwọn. Àwọn tó ń ta oògùn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá yòókù tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí rẹ̀ sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gún ọmọ yín sí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé: ìta itan ni, ní àárín rẹ̀. Iṣan ńlá yìí kò gba ibẹ̀ rárá. Fún àgbàlagbà tó gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ nítòsí ìdí, ibì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, lókè iwájú, tí ará Switzerland kan tó ń jẹ́ von Hochstetter ṣàlàyé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Iṣan sáyátíìkì jìnnà sí i. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè méjì kí abẹ́rẹ́ tó kan ara ọmọ yín: kí ni oògùn yìí, ṣé kò sí oníwóró rẹ̀? Tí wọ́n bá ní dandan ni, ẹ ní kí wọ́n gún un nítan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà láàárín Ìjìgbò àti Bàsírì náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kàn yín. Bí ìjàǹbá bá gbá orúnkún tó sì ti eegun itan yọ sẹ́yìn kúrò nínú ihò ìbàdí, iṣan kan náà yìí ló ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ á kúrú, á yí sínú, kò ní ṣeé mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á lójú títì. Ọsibítù ni kí wọ́n ti dá a padà, ó sì yẹ kó jẹ́ láàárín wákàtí mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tiyín, Màmá. Kí ẹ tó lọ lọ́la, ẹ dé kẹ́míìsì náà pẹ̀lú ẹnì kan tó lè mú sùúrù, ẹ má jà. Ẹ ní kí ọkùnrin náà kọ orúkọ oògùn tó lò sílẹ̀ fún yín, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó gún un. Bí ìgò kékeré rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ gbà á. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí pẹ̀lú òwú sílẹ̀. Kí ẹ sì pe ìyá rẹ̀ ní Èkó lálẹ́ òní, nítorí ìwé tí ọsibítù máa fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí lè wáyé, búréèsì náà ní owó tirẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ tó ń dàgbà sì máa ń fẹ́ òmíràn láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún mi gẹ́lẹ́, kí ẹ sì ní kó máa bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ kọ́ bí a ṣe ń na gìgísẹ̀ náà lọ́wọ́ oníṣẹ́ fisio.